Àlejò Tó Wà ní Apá Òsì Bàbá

"Ọmọ mi, irùngbọ̀n ni mo ní kí o fá. N kò ní kí o máa tu ẹ̀pà."

Bàbá kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ṣùgbọ́n omi ti lé sí ojú ọ̀tún rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn yára gbé abẹ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lára abẹ náà. Ọmọbìnrin tó ń múra àtijáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, kò sì di abẹ mú rí láyé rẹ̀. Abẹ gidi ni mo ń wí, irú èyí tó ń ká wọnú èèkù rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kì í mọ̀ pé ó ti gé òun títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọjú.

"Ó ń dùn yín, sà?"

"Ó dùn mí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó dáa, jẹ́ ká wádìí ohun tó ń bí abẹ nínú. Ṣé o fà á lórí awọ?"

"Mo fà á, sà. Mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, bí ẹ ṣe wí."

"Nígbà tí ò ń fà á lọ, ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ni àbí ẹ̀yìn rẹ̀?"

Àbígbẹ̀yìn rò ó, ojú tì í. "Ẹnu rẹ̀ ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìdajì ẹnu rẹ̀ ló fi rẹ́rìn-ín. Ìdajì yòókù dúró gbọn-in. "Awọ ni o fá yẹn, kì í ṣe pé o pọ́n abẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú. Ẹnu á máa tẹ̀lé e, bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà."

Àbígbẹ̀yìn tún abẹ náà fà lórí awọ tí wọ́n so kọ́ ara àga. Ó padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ tún kọsẹ̀.

"Ọṣẹ ti gbẹ," ni Bàbá wí. "Abẹ kì í rìn nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Bu omi gbígbóná sí i, kí o tún un hó. Ẹ̀hẹn. Wò ó, o gbé abẹ nàró jù. Tó bá nàró, á gé ẹran. Tó bá sùn pẹlẹbẹ, á máa fa irun. Jẹ́ kó fẹ̀yìn tì díẹ̀, bí arúgbó tó ń gba atẹ́gùn lẹ́nu ọ̀nà. Fi ọwọ́ kejì na awọ ara mi, kí abẹ má bá ìhunjọ pàdé. Má sì tẹ̀ ẹ́ o. Ìwúwo abẹ ti tó fún abẹ."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Tí abẹ bá fa irun, Bàbá á pòṣé, Àbígbẹ̀yìn á mọ̀ pé òun ti ṣì í. Tó bá lọ geere, èémí Bàbá á lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, apá ọ̀tún dán bí inú àwo. Inú Àbígbẹ̀yìn dùn. Ó yí àga ká, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan apá òsì.

"Dúró."

Ohùn Bàbá ti yí padà.

"Ta ló ní kí o dé ibẹ̀?"

"Bàbá, apá òsì ló kù."

"Ibẹ̀ kì í ṣe tèmi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ní yàrá kejì. "Ti Àlejò nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án. Ó ń sinmi."

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà lójú fèrèsé, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Síbẹ̀, òtútù gba ẹ̀yìn Àbígbẹ̀yìn kọjá.

Onígbàjámọ̀ ni Bàbá. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló sì ti na ọrùn fún abẹ rẹ̀ rí. Ibi tó ti ń fá irùngbọ̀n oníbàárà kan lọ́wọ́ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣánlẹ̀. Oníbàárà náà, tòun ti ọṣẹ lẹ́nu, ló sáré jáde lọ ké sí aráyé. Wọ́n dóòlà ẹ̀mí Bàbá ní ọsibítù, ṣùgbọ́n apá òsì kò bá a padà wálé.

Kì í ṣe pé ó rọ nìkan. Bàbá ti gbàgbé pé tòun ni. Á jẹ oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún àwo, á fi tòsì sílẹ̀, á sì máa pariwo pé ebi ń pa òun. Tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bá kàn án lórí ibùsùn, á figbe ta: "Ẹ gbé ọwọ́ ọkùnrin yìí kúrò lára mi! Ó tutù jù." Nígbà tó ṣì lè dá fá irùngbọ̀n rẹ̀, apá ọ̀tún nìkan ló ń fá. Irun apá òsì wá kún bí igbó. Bí ó bá wo dígí, á rí ojú kan tí ó dán lápá kan, tí ó ṣókùnkùn lápá kejì, á sì wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ wò ó, ó tún ti jókòó tì mí." Ìgbà tí kò mọ orúkọ ẹni náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àlejò.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ti là á yé wọn. "Orí wọn kò dàrú o. Àìsàn yìí ló pa ibi tó ń sọ fún wọn nínú ọpọlọ pé òsì wà. Ẹ má bá wọn jà." Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, tó gbóòórùn irùngbọ̀n òsì, tí ojú rẹ̀ sì yí padà. Itọ́ ń ṣàn láti igun ẹnu tí ó rọ, ó ń wọ inú irun lọ. "Egbò ti wà lábẹ́ ibí yìí. Ẹ fá a mọ́, kí oògùn lè kan ara. Bí ẹ kò bá fá a, á kẹ̀."

Ọ̀rọ̀ wá di ta ni yóò fá a. Onígbàjámọ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá gbé ẹ̀rọ ìgẹrun wá. Bí ẹ̀rọ náà ti ń kùn ni Bàbá ké pé oyin ń ta Àlejò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ó ń tù ú nínú. Ọ̀rẹ́ náà sá lọ, ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́, àárọ̀ kùtù ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé, "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn ni kó mú abẹ mi."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fá a tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Apá ọ̀tún ń dára sí i. Apá òsì, Bàbá kò gbà. Ohun tó tún wá ń já Àbígbẹ̀yìn láyà ni pé Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i.

"Àlejò ní ọwọ́ rẹ ti ń fúyẹ́."

"Ẹ bá mi kí wọn, sà."

"Àlejò ní kí ló dé tí o fi sin ife ìyá rẹ sẹ́yìn ilé?"

Abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ló fọ́ ife tí Màmá fẹ́ràn, lóòótọ́ ló sì bo àfọ́kù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé nígbà náà, àfi Bàbá lórí àga. Àbígbẹ̀yìn gbójú sókè. Fèrèsé tó kọjú sẹ́yìn ilé wà lápá òsì àga náà, apá tí Bàbá kì í yíjú sí láéláé.

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ràn kí òun àti Bàbá nìkan wà nínú yàrá mọ́. Òórùn egbò náà sì ń pọ̀ sí i.

Ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Kẹ́míìsì ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí ìyá rẹ̀ ń ta oògùn, òun náà sì mọ orúkọ oògùn ju orúkọ àwọn olùkọ́ lọ.

"Ṣé èyí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" ni Kẹ́míìsì wí. "Ẹni tó bá sùn kì í jà. Fún wọn ní oògùn oorun kan, kí o fá gbogbo ẹ̀, kí o fi ìpara sí i. Kí wọ́n tó jí, o ti parí iṣẹ́."

"Tó bá ṣe wọ́n ní nǹkan ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣe wọ́n? Oorun ni, kì í ṣe májèlé. Àwọn arúgbó ń rà á lọ́wọ́ màmá mi lójoojúmọ́. Àbí kí egbò jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ tán ló tẹ́ ọ lọ́rùn? Ojo lásán ni ẹ́, jàre."

Àbígbẹ̀yìn mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ó yẹ kí òun bi nọ́ọ̀sì. Ó tún mọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi bi í. Nígbà tí Kẹ́míìsì mú hóró oògùn náà wá nínú bébà, ó gbà á.

Ọ̀sán Sátidé tí òjò ń rọ̀ ni. Màmá ti lọ síbi iṣẹ́. Àbígbẹ̀yìn lọ oògùn náà kúnná, ó rò ó mọ́ tíì, ó fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Bàbá gba ife náà, ó wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí, ó sì mu ún tán.

Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi tẹ̀ sẹ́yìn. Àbígbẹ̀yìn pè é, kò dáhùn. Ó fa abẹ lórí awọ, ẹ̀yìn ló ṣáájú. Ó hó ọṣẹ, ó fi aṣọ gbígbóná rẹ irùngbọ̀n òsì náà títí irun rẹ̀ fi rọ̀. Gbogbo ohun tí Bàbá kọ́ ọ ló ṣe. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè fi abẹ kàn án, ìgbà yẹn ló rí ojú náà.

Ojú ọ̀tún Bàbá ti pa dé. Tòsì kò pa dé. Ìpéǹpéjú tí ó rọ náà kò lágbára àtipa dé tán, ó fi ojú sílẹ̀ gbayawu lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ń hanrun. Ojú òsì ń wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí," ni Àbígbẹ̀yìn sọ láìmọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀. Abẹ lọ geere. Kò sí ìpòṣé, kò sí kí ara fò. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó, ó sì ń yára sí i, ó fẹ́ tètè kúrò lábẹ́ ojú yẹn. Irun ń bọ́ ní ìdì-ìdì. Ibi tó ti yí dé egungun àgbọ̀n ló ti rí i pé ọṣẹ náà kò funfun mọ́. Ó ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́. Ó fi aṣọ nù ún, ẹ̀jẹ̀ tún jáde, ó nù ún, ẹ̀jẹ̀ tún jáde. Ó ti gé e níhìn-ín, ó ti gé e lọ́hùn-ún, ọ̀kan gùn láti etí dé àgbọ̀n, kò sì mọ ìgbà tó ṣe é.

Ó wá yé e. Ìrora Bàbá ló ń kọ́ ọ níṣẹ́ lápá ọ̀tún. Ìpòṣé yẹn ni olùkọ́ rẹ̀. Apá òsì kò lè sọ pé ó dun òun, òun náà sì ti rò pé kò dùn ún.

Omi kan ṣàn jáde láti ojú òsì náà, ó gba àárín ẹ̀jẹ̀ àti ọṣẹ kọjá.

"Bàbá! Bàbá, ẹ jí, mo bẹ̀ yín!"

Ó mì í lọ, ó mì í bọ̀. Ìhanrun náà dúró. Ó pẹ́ kí èémí mìíràn tó wọlé. Àbígbẹ̀yìn sáré sínú òjò, ó ń lu ilẹ̀kùn awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn.

Awakọ̀ náà gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n sì bá Màmá tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí níwájú ibẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n mọ̀ náà ló gbà wọ́n. "Ó jọ pé àrùn náà ló tún gbé wọn," ló ń wí bó ṣe ń ti ibùsùn lọ. "Àbí wọ́n mu nǹkan kan ni?"

"Wọn kò mu nǹkan kan," ni Màmá dáhùn. "Kí ni wọn ì bá mu? Ọmọ ló wà lọ́dọ̀ wọn."

Àbígbẹ̀yìn dúró ti ògiri. Wọ́n rò pé ibi tó ti ń fá Bàbá ni àrùn ti gbé e tí abẹ fi gé e, kò sẹ́ni tó fura sí i. Bí ó bá dákẹ́, àrùn ni wọn yóò dá lẹ́bi, gbogbo ayé yóò sì máa kí i kú ìtọ́jú bàbá. Ó rí ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú tó fẹ́ pa dé.

"Oògùn oorun ni!" ló ké. "Èmi ni mo fi sínú tíì wọn."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Nọ́ọ̀sì kò sọ ju, "Orúkọ oògùn náà?" lọ. Àbígbẹ̀yìn sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Nígbà tí dókítà jáde, ó ní Bàbá yóò yè é. Ó ní oògùn yẹn àti èyí tí Bàbá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru kì í bára wọn gbé, pé ká ní ọmọ náà fi í pamọ́ ni, ìtọ́jú mìíràn ni àwọn ì bá máa ṣe, ẹ̀mí ì bá sì ti lọ. Màmá kò na Àbígbẹ̀yìn. Ì bá sàn fún un kó nà án. Ó kàn jókòó, ó ń wo ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀, ó wí pé, "Ìwọ tí mo fi wọ́n sílẹ̀ fún."

Bàbá jí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti fi báńdéèjì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn wọlé, ó kúnlẹ̀. Bàbá fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan irin ibùsùn.

"Àlejò ti lọ," ló wí. "Ó rí ọ níbi tí o ti ń ro tíì yẹn. Ó fẹ́ sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti mu ún."

Wọ́n padà sílé. Bàbá kò gba ife lọ́wọ́ Àbígbẹ̀yìn mọ́. Omi lásán pàápàá, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé e fún Màmá kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí Àbígbẹ̀yìn bá gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ kọjá, á fi ọwọ́ ọ̀tún bo ọrùn. Abẹ wà nínú àpótí rẹ̀. Irùngbọ̀n wá ń hù lápá méjèèjì. Àbígbẹ̀yìn a máa wà ní yàrá kejì, yóò fi orí pamọ́ sínú ìwé, kò sì ní rí ohun tó ń kà.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá kò yíjú. "Ó ti padà dé. Ṣùgbọ́n kò dá mi lóhùn mọ́."

Ẹ̀rù ba Àbígbẹ̀yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e wọlé. Ó kọjá níwájú Bàbá, ó lọ jókòó sílẹ̀ lápá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí nínú ilé náà, nítorí pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò sí lójú Bàbá. Ó mú ọwọ́ òsì tó wà lórí itan Bàbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. "Èmi ni mo gé yín. Ẹ kò lè ké, mo wá ṣe yín bí ẹni ń fá awọ ewúrẹ́. Mo tan bàbá mi jẹ nítorí pé ẹ̀rù yín ń bà mí, mo sì fẹ́ kó yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Egbò yín ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú yín."

Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, orí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí kọjá àárín, ó yí kọjá ibi tí kò yí dé mọ́ láti ọjọ́ àìsàn, títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi bà lé ọmọ rẹ̀.

"Ó ní kí o ṣe é lójú òun," ni Bàbá wí. "Kí o má ṣe é lójú oorun mọ́."

Wọn kò fá a tán lọ́jọ́ náà. Àbígbẹ̀yìn ń fi ìka yẹ gbogbo ibi wò kí abẹ tó dé ibẹ̀, ó sì ń sọ ohun tó ń ṣe jáde lẹ́nu: "Mo ti dé ẹ̀gbẹ́ etí, sà. Mo fẹ́ na awọ ara yín." Nígbà tó ṣe díẹ̀, Bàbá ní ó ti rẹ Àlejò. Àbígbẹ̀yìn ká abẹ, ó fi èyí tó kù di ọjọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún dé, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wò, ó ní egbò ti ń jinná. Kẹ́míìsì náà wá bẹ̀bẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Ìyá náà sì ti gba kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlejò kò kúrò nínú ilé náà. Nígbà mìíràn, á tún ránṣẹ́ tí kò sí ẹni tó mọ bó ṣe gbọ́ ohun tó sọ, Màmá á sì gbé ojú sókè wo Àbígbẹ̀yìn, Àbígbẹ̀yìn náà á wo Màmá. Wọn kò bi í bó ṣe mọ̀ mọ́. Wọ́n ń kí Àlejò ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun rere kì í gba ọ̀nà ẹ̀tàn wọlé kó má ṣe nǹkan bàjẹ́, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ pè yín ní ojo tó. Oògùn kì í ṣe ohun tí à ń fúnni látẹnu ọ̀rẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ òtítọ́ nígbà tí ó ṣì lè gba ẹ̀mí là. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí kò lè sọ pé ó dun òun kì í ṣe ẹni tí nǹkan kò dùn. Òun gan-an ló yẹ ká fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú jù.